Lẹ́tà Tí Màdáámù Ní Kò Sí

"Di ètè rẹ! Má tíì là á! Tóò, là á báyìí!"

"Àbò."

"Àbò kọ́! Wàláhì, o máa sọ ọ́ lónìí."

Àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Oníbàtà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu mi, ó ń rùn fún awọ àti gọ́ọ̀mù tó fi ń lẹ bàtà. Èmi ló kàn lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ mẹ́rin yòókù jókòó sórí ẹní lábẹ́ páànù tó ta síwájú ilé wa ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Kumasi, wọ́n ń wò mí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí nígbà náà. Yorùbá ni gbogbo wa, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí wa sí, Twi, èdè àwọn ará ibẹ̀, ló sì kún ẹnu wa. Wọn kì í pe gb nínú Twi wa. Àbò la ń pe àgbò, ẹ̀bọ́n la ń pe ẹ̀gbọ́n. Bàbá àgbà mi tó ń pè wá lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í mọ ìlú tí mò ń wí bí mo bá dárúkọ ìlú rẹ̀ fún un.

Bàbá Oníbàtà kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa tan. Bí a bá ti nọ́sìrì dé lọ́sàn-án, àwọn ìyá wa á ṣì wà lọ́jà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ní kí a máa dúró sí. Kò sẹ́ni tó ní kó kọ́ wa ní nǹkan kan. Inú tó ń bí i ló ń kọ́ wa. Lọ́dún tí wọ́n lé àwọn Yorùbá kúrò ní Gánà, ó sá pamọ́ sí abúlé kan, Twi nìkan ló ń sọ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n má baà dá a mọ̀. Ó ní òun gbé èdè òun mì bí ẹni gbé egungun ẹja mì, ọmọ kankan kò sì ní í tún gbé e mì lójú òun.

Ó gé awọ tó ṣẹ́ kù lára bàtà sí àwòrán àgbò, ti ìgbín, ti agbọ́n. Ó gé g, ó gé b, ó fi òwú bàtà rán wọn pọ̀. "Lẹ́tà kan ni," á wí, á máa fà á kí a lè rí i pé kò já. "Ẹni tó bá pè é ní méjì, ẹ má gbà fún un." Bí a bá ń ṣeré ìgbín, á fi igi kọ gb ràgàjì sínú iyanrìn, àwa á máa fi orúnkún wọ́ lójú ìlà rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu dídì, ó di òpin kí a tó yọ orí: "Gbín!" Bí a bá ń ṣeré àgbò, á gbé tìmùtìmù àtijọ́ kan dání, a ó sáré wá fi orí kàn án. Ibi tí orí bá ti kan tìmùtìmù ni ohùn ti gbọ́dọ̀ jáde. Ariwo wa á bo ti òòlù rẹ̀ mọ́lẹ̀, àgbò gidi tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kànga á sì máa wò wá bí ẹni tí nǹkan sú.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ó gbé tìmùtìmù náà, mo sáré, mo kàn án, ó bọ́ lẹ́nu mi: "Àgbò!"

Bàbá ju tìmùtìmù sílẹ̀. "Alhamdulilaahi! Ṣé ẹ gbọ́? Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" Ó mú èyí tó dára jù nínú àwọn àgbò awọ rẹ̀, ó lu ihò sí i, ó fi okùn so ó mọ́ mi lọ́rùn.

Mo wọ̀ ọ́ lọ sí nọ́sìrì lọ́jọ́ kejì. R ni Màdáámù, olùkọ́ wa, fẹ́ kọ́ wa. Ó gbé àwòrán ẹran oníwo kan sókè, ó bi wá pé kí ni. Ram ló fẹ́ gbọ́. Mo nawọ́ títí mo fi dìde.

"Àgbò!" ni mo wí. "Gb!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Màdáámù ní kí n wá kọ ọ́ sí pátákó, mo sì kọ ọ́ pẹ̀lú ìdùnnú. Ó fi ọwọ́ nù ún.

"G wà, B wà. Kò sí lẹ́tà tó ń jẹ́ báyìí. Ta ló kọ́ ẹ ní èdè zongo yìí?"

Ó já okùn ọrùn mi, ó sọ àgbò mi sínú garawa ìdọ̀tí, ó fi rúlà gbá mi lẹ́nu. Ó ní kí n dúró níwájú kíláàsì, kí n fi ọwọ́ bo ẹnu títí wọn yóò fi jáde.

Bàbá rí ètè mi tó wú. Kò bi mí ní ìbéèrè méjì. Ó dìde taṣọ-iṣẹ́ taṣọ-iṣẹ́, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó di ilé ìwé. Ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì, Màdáámù jókòó tì í. Twi ni Bàbá bá wọn sọ.

"Ta ló lu ọmọ yìí lẹ́nu?"

"Nana, ẹ má bínú," ni ọ̀gá wí, ó pè é bí wọ́n ṣe ń pe àgbàlagbà, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí àwa kọ́ wọn ní lẹ́tà, kí ẹ̀yin kọ́ wọn ní bàtà."

"Lẹ́tà ni mo kọ́ ọ. Ẹ ní kò sí. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́." Ó yíjú sí mi, ó padà sí Yorùbá, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọmọ mi, sọ fún wọn. Kí ni ẹran náà ń jẹ́?"

Rúlà wà lórí tábìlì. Mo wò ó, mo wo ojú Màdáámù. Ohùn náà wà ní ọ̀nà ọ̀fun mi, ètè mi ti dì, ó ku kí n là á.

"Àbò," ni mo wí.

"Tún un sọ."

"Àbò."

Màdáámù pàtẹ́wọ́. Bàbá fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe dádì mi, ó sì bẹ̀ wọ́n bí ẹni tó jalè. Nígbà tó délé, ó ní n kò gbọdọ̀ jókòó lábẹ́ páànù yẹn mọ́. "Ilé onílé la wà," ló wí. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n tún lé wa ni?" Kí oṣù náà tó parí, àwọn ìyá yòókù ti kó ọmọ wọn kúrò. Bàbá ká ẹní rẹ̀.

Kò bá mi jà. Ohun tó ṣe burú ju ìjà lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i ní Yorùbá, Twi ló fi ń dá mi lóhùn. "Ɛte sɛn?" á wí, pé ṣé dáadáa ni, bí ẹni ń kí ọmọ tí kò mọ̀ rí, á sì tẹjú mọ́ bàtà tó ń rán. Ọdún mẹ́wàá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kú, mo ń gbé ní ilé ìwé girama. Wọ́n ti sin ín kí n tó gbọ́.

Olùkọ́ nọ́sìrì lèmi náà báyìí, ní Tafo, àdúgbò mìíràn ní Kumasi. Wọ́n ní mo ní sùúrù fún ọmọdé. Wọn ò mọ ohun tó wà nínú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ kan gbé àwòrán kìnnìún sókè, ọmọ kékeré kan láti ẹ̀yà Dàgòńbà pè é ní èdè ìyá rẹ̀, olùkọ́ náà sì fi í rẹ́rìn-ín. Mo pariwo mọ́ ọn débi pé kíláàsì tó wà lódìkejì dákẹ́. Ọ̀gá wa ní kí n tọrọ àforíjì. N kò tọrọ rẹ̀, n kò sì ní í tọrọ rẹ̀.

Inú ń bí mi sí Màdáámù àti ọ̀gá rẹ̀. Inú ń bí mi sí dádì mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rù ló bà á. Inú tiẹ̀ ń bí mi sí Bàbá, torí àgbà ni, ó sì yẹ kó rí i pé ọmọdé ni mí. Ọkọ mi ní kí n gbàgbé, pé kí ni ọmọ ọdún márùn-ún lè ṣe. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n pè lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ ọ́n pè.