Ọkọ̀ Tí Yóò Fa Ilé Aaltje

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojo ni Aaltje, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo sọ ọ́ ká abúlé, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú ọkọ rẹ̀, níwájú ọmọ rẹ̀, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún wa. Ẹnu kan náà ni mo fi ń sọ èyí tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí, ó sì ń tì mí lójú. Hilje lorúkọ mi. Wiebe, ọkọ Aaltje, ni ẹ̀gbọ́n mi, òun nìkan náà ni mo sì ní.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí Aaltje ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ ṣúgà tó wà lẹ́yìn abúlé wa, ní ìgbèríko Groningen. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ń wú bíìtì, gbòǹgbò tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, tí tírélà wọn tò dé ojú títì, orí òṣùwọ̀n ńlá tó wà nílẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa kọ́kọ́ gùn. Aaltje á yọrí láti ojú fèrèsé rẹ̀, á ka iye rẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, kẹ̀kẹ́ ló sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́, ì báà jẹ́ nínú ìjì. Kò sí àgbẹ̀ tó lè fi ẹrẹ̀ àti òkúta parọ́ fún un, torí kó tó wo òṣùwọ̀n rárá ló ti máa ń fojú díwọ̀n ẹrù. Tó bá ṣì í, kì í fi púpọ̀ ṣì í.

Wiebe ló máa ń fa ilé onítáyà wọn lọ sí gúúsù Faransé lọ́dọọdún. Ilé kékeré kan ni, bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, wọ́n á so ó mọ́ ìkọ́ tó wà nídìí mọ́tò, ó di ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Wiebe ń lò lẹ́bàá odò lọ́hùn-ún ló fi ń fara da àwọn oṣù tó kù lọ́dún. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún yẹn, wárápá gbé e ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láyé rẹ̀. Dókítà ní kò gbọdọ̀ wa mọ́tò fún ọdún kan gbáko. Láti ọjọ́ náà, á gbé àga síta, á jókòó, á máa wo ilé onítáyà náà. Ó ń bà mí lẹ́rù. Mo rò pé orí rẹ̀ máa dàrú ni.

Ọjọ́ kan ni Aaltje gbé oúnjẹ fún un níta, tó sọ ọ́ wẹ́rẹ́: "Màá fà á."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tó ò lè wa mọ́tò lórí afárá kó o má pa ojú dé?"

Wiebe ló ń bá sọ̀rọ̀. "Màá fà á, ṣùgbọ́n èmi ni màá yan ọkọ̀ tó máa fà á. Èmi náà ni màá sì sọ ohun tó máa wọ inú ilé yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí, Wiebe. Ẹ̀yìn mi ni Femke máa jókòó sí." Femke ni ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún méje, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí lẹ́yìn tí oyún méjì ti bà jẹ́ lára Aaltje. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ò ju ìyẹn lọ.

Ó kó gbogbo ìkòkò, àga àti àgọ́ wọn sínú ilé onítáyà náà, ó ní kí àgbẹ̀ kan bá òun fà á dé orí òṣùwọ̀n ilé iṣẹ́. Ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún kìlò lé ogójì. Ó wọn mọ́tò Wiebe náà: ẹgbẹ̀rún kan lé díẹ̀.

"Ilé wúwo ju ọkọ̀ lọ," Aaltje wí. "Èyí tó wà lẹ́yìn ló máa máa darí èyí tó wà níwájú."

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi fà á," Wiebe wí. "Ta ló kú?"

"Kò tíì sí."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú ara mi tutù, àmọ́ mi ò jẹ́ kí wọ́n rí i. Kí ni mo ṣe? Mo yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tèmi jáde. Tuntun ni, ó ń dán, iná mànàmáná ló ń lò, gbogbo àdúgbò ló ń wò ó. Mo ní kó mú un lọ. Aaltje gba ìwé ọkọ̀ náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dá a padà fún mi. "O ṣeun, Hilje. Kò gbọdọ̀ fà ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin kìlò lé àádọ́ta lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀." Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀! Bí ẹni tó ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀! Inú bí mi dé góńgó, mo sì mú ìbínú náà lọ sílé.

Ẹ ò ní gbà gbọ́ èyí tó wá yàn. Bakema, dókítà ẹran tó ti fẹ̀yìn tì, ní ọkọ̀ gbàgùdù kan tó ń gbé lọ gbẹ̀bí màlúù. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ìjókòó rẹ̀ ti ya, òórùn inú rẹ̀ sì lè jí ẹni tó sùn. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún méjì kìlò, ó gùn, ó sì sún mọ́ ilẹ̀ dáadáa. Aaltje yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó dọ̀bálẹ̀ wo ìkọ́ ìdí rẹ̀, ó rà á.

"Ìyàwó wa," mo pariwo láti ẹnu ọ̀nà, "ṣé màlúù la fẹ́ lọ gbẹ̀bí fún ní Faransé ni?"

Femke fi ọwọ́ di imú, ó ń rẹ́rìn-ín. Wiebe pàápàá rẹ́rìn-ín, èyí tí kò tíì ṣe láti ìgbà tó ti ṣubú. Aaltje fọ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń so ilé mọ́ ọn, tó ń lọ kọ́ ọ nínú ọgbà ilé iṣẹ́: ó ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń tẹ bíréékì, ó ń yà. Ó máa ń padà dé pẹ̀lú ẹ̀wù tó ti rin gbingbin fún òógùn. Mo rí i, mo sì tún fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbéra, ó gbé òṣùwọ̀n kékeré ilé ìwẹ̀ wọn, èyí tí wọ́n fi ń wọn ara, síta, ó fi igi ìgbálẹ̀ tó ti gé kúrú dúró lórí rẹ̀, ó gbé imú ilé onítáyà náà, irin tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ọkọ̀, lé e. Bí gbogbo èèyàn ilẹ̀ wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Imú gbọ́dọ̀ tẹ ìkọ́ mọ́lẹ̀ níwọ̀nba. Bí ìdí bá wúwo jù, imú á gbéra, ìdí á sì máa jù káàkiri lójú ọ̀nà. Kìlò márùndínlọ́gọ́rin. "Ó pé," Aaltje wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan kún un mọ́." Ó wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ.

Màmá wa, tí òun àti èmi náà ń bá wọn lọ, fà mí lápá. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Àpò pòtétò méjì láti inú ọgbà rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Hilje, èmi ò jẹ pòtétò àwọn ará Faransé o. Omi lásán ló wà nínú ẹ̀. Bá mi fi pamọ́."

Kò sí ilé kan ní abúlé wa tí kì í gbé pòtétò tirẹ̀ lọ síbi ìsinmi. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tí Aaltje wí. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo rántí ìwé ọkọ̀ mi tó dá padà fún mi, mo gbé àpò méjèèjì, mo fi ìgò ẹ̀pà lílọ̀ méjìlá kún un, mo tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó wà ní ìdí pátápátá, níbi tí kò ti ní wò. Mo ń rẹ́rìn-ín sínú.

A wọ Jámánì. Ilẹ̀ tẹ́jú, Aaltje ò sì kọjá ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan. Òun àti Wiebe wà níwájú. Èmi, Màmá àti Femke wà lẹ́yìn. "Ìyàwó wa," mo ní, "àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ máa tó yà wá sílẹ̀ o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín àfi òun.

Lẹ́yìn ọ̀sán ni òkè bẹ̀rẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, afárá ni òkè tó ga jù. Bí a ṣe dorí kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́, mo gbọ́ ìró kan láti inú ilé ẹ̀yìn wa. Gbì. Ó dákẹ́. Gbì.

Mo mọ ohun tó ń dún. Mo la ẹnu pé kí n sọ ọ́, mo tún pa á dé. Mo ń rò ó pé bóyá kò ní sí nǹkan kan.

Ni tírélà kan bá sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbá ilé onítáyà náà, ìdí rẹ̀ lọ sósì, ó lọ sọ́tùn-ún, ó tún lọ sósì, ó wá ń jù bí ìrù ajá. Ìdí mọ́tò wa ń bá a lọ. Orí Femke gbá gíláàsì, ó figbe ta: "Mọ́mì!" Màmá ń pe Olúwa. Wiebe na ọwọ́ sí sitiárìn, Aaltje gbá ọwọ́ náà dànù. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí irin tó ń mú mọ́tò sáré, ó di sitiárìn mú gan-an, kò yí i síbì kankan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréékì díẹ̀díẹ̀. Irin ẹ̀bá ọ̀nà ń sún mọ́ ojú fèrèsé mi. Mo rí ìsàlẹ̀ àfonífojì, mo rí òrùlé àwọn ilé kéékèèké. Yéè! Mo mọ̀ pé a ti kú. Mo mọ̀ pé èmi ni mo pa wá.

Ọkọ̀ gbàgùdù yẹn ló gbà wá. Ó tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kí ilé gbé òun. Jíjù náà dín kù, ó dín kù, ó dáwọ́ dúró. Aaltje yà síbi ìsinmi ẹ̀bá ọ̀nà, ó pa iná mọ́tò, ó ṣílẹ̀kùn, ó bì sórí koríko.

Nígbà tó nu ẹnu tán, tààrà ló lọ sínú ilé onítáyà. A gbọ́ tó ń ṣí gbogbo ibi. Ó wọ́ àpò pòtétò kan jáde, ó wọ́ ìkejì, ó to ìgò ẹ̀pà lílọ̀ sílẹ̀.

"Ta ló kó èyí síbẹ̀?"

"Èmi ni, Aaltje," Màmá wí kíá. "Èmi ni mo kó o."

Aaltje wo apá Màmá, apá tó ti rù kan eegun. Ó wo àpò náà. Kò pẹ́ tó fi yíjú sí mi.

Mo lè dákẹ́. Màmá ti gbà á fún mi. "Èmi ni," mo wí. "Màmá ní kí n bá òun fi pamọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo tì í síbẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tó o ní ká má fi kún un. Mo gbọ́."

Mo retí kó gbá mi létí. Ìyẹn ì bá sàn fún mi. Ó fi àwọn pòtétò náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí, ó gbé òṣùwọ̀n ilé ìwẹ̀ jáde, ó tún imú wọ̀n. Ó wá ní kí Wiebe lọ jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú Femke.

"Hilje, wá síwájú."

"Kí ni màá ṣe níbẹ̀?"

"Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ méjì ló kù lónìí. Ojú mi ò ní kúrò lọ́nà. Ìwọ ni kó o máa wo dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ yẹn. Tí ìdí ẹ̀ bá yẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, sọ ọ́."

A gbéra. Nínú dígí náà, mò ń rí ara ilé onítáyà, nísàlẹ̀ rẹ̀, mò ń rí ìka Femke márààrún tó lẹ mọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn mi. Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Tírélà kan ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ó ń tóbi sí i.

"Ó dúró?" Aaltje bèèrè.

"Ó dúró."

"Ó dúró?"

"Ó dúró." Mi ò ríran dáadáa mọ́, omi ti kún ojú mi, mo sì ń bẹ̀rù láti nù ún, kí n má baà gbé ojú kúrò.

Femke ti orí bọ àárín ìjókòó. "Àǹtí Hilje, kí ló ń pa yín lẹ́kún?"

Mo la ẹnu.

"Má dá a lóhùn," Aaltje wí. "Dígí ni kó o máa wò."