Ìkúnlẹ̀ Inú Téèpù

Ó di ọdún mẹ́sàn-án tí Sàláhúdéènì ti kúrò ní Ìsẹ́yìn. Àdúgbò Uptown ni wọ́n ń gbé ní Ṣikágò, òun, Sìmíátù ìyàwó rẹ̀, àti Kàfáyàtù ọmọ wọn. Ọsibítù ni Sàláhúdéènì ti ń ṣiṣẹ́, ó ń ti aláìsàn lórí kẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé, kò ní fóònù. Téèpù ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ń lọ sílé ní ń bá wọn mú un dání.

Lọ́dún 1986, ìyá ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ-ọmọ òun. "Kí n mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ń tọ́ ọ, àbí Òyìnbó ló ń bá yín tọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Sàláhúdéènì. Ọmọ ọdún méje ni Kàfáyàtù, "hi" ló fi ń kí gbogbo ayé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ ní ìkíni. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó gbé rẹ́kọ́dà sórí tábìlì.

"Kúnlẹ̀."

"Daddy, Grandma ò rí mi."

"'Wọn ò rí mi' ni kí o wí. Kúnlẹ̀. Ohùn ẹni tó kúnlẹ̀ yàtọ̀."

"Ohùn ẹni tí orúnkún ń dùn ni," Sìmíátù wí.

Ọmọ náà fi orúnkún gbá ilẹ̀ onípákó, gbì. Dorothy tó ń gbé nísàlẹ̀ fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà rẹ̀. Kàfáyàtù kí ìyá àgbà tán pátá. Sàláhúdéènì jókòó sórí àga, ó sọ tirẹ̀.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí Àmínù, ará Ìsẹ́yìn bíi tiwọn, tó mú èsì bọ̀ láti ilé.

"Kàfáyàtù ọmọ mi, mo gbọ́ orúnkún ẹ. Wàá dàgbà, wàá dogbó. Sìmíátù, o káre."

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ń dún lẹ́yìn ohùn ìyá nínú téèpù. Kí Sàláhúdéènì tó kúrò nílé ló ti ní òun máa fepo sí i.

"Sàlá, ìwọ ńkọ́? Mo fetí sílẹ̀ títí, n ò gbọ́ kí àyà ẹ kanlẹ̀. Ṣé wọn kì í dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ yẹn ni?"

Sìmíátù wo ọkọ rẹ̀. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Sàláhúdéènì gbé rẹ́kọ́dà sílẹ̀, ó ki téèpù mìíràn bọ̀ ọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Dorothy gún àjà. Pákó náà tutù lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ̀ kì í tutù báyìí.

"Ìyá mi," ló wí. Ó tún un wí: "Ìyá mi."

Kàfáyàtù wá kúnlẹ̀ tì í. "Daddy, sọ pé ẹ káàárọ̀ mà."

Téèpù ń yí.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ni bàbá rẹ̀ wí.