Bí Wọ́n Ṣe Fi Filemón Jẹ Akọ̀wé Owó Ìlú

Ẹni tó bá máa jẹ akọ̀wé owó ìlú ní San Crispín níbí, kò sẹ́ni tó ń bi í bóyá ó kàwé ìṣirò. Ohun tá a máa ń bèèrè ni pé ṣé ó ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rí, ṣé ó ti ṣe ọlọ́pàá ìlú, ṣé ó ti gbé ẹrù ọdún ẹni mímọ́ wa lérí, tó sì bọ́ gbogbo ìlú yó. Ó gbọ́dọ̀ ní ìyàwó. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀mùtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa ń mójú kúrò lára ìyẹn. Òun ló máa gba owó tí ìjọba bá fi ránṣẹ́, òun ló máa ra símẹ́ńtì àti páìpù, òun ló máa kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tó sì máa kà á fún ìpàdé ìlú lópin ọdún. Owó oṣù ńkọ́? Kò sí. Ọ̀fẹ́ ni, ọdún kan gbáko. Àwọn bàbá wa ń pè é ní iyì. Èmi Crescencia ní orúkọ míì tí mò ń pè é, ṣùgbọ́n ta ló bi mí? Obìnrin kì í nawọ́ sókè ní ìpàdé wa.

Àbúrò mi ni Filemón. Kékeré ló ti gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ṣe ọlọ́pàá ìlú kó tó sá sọdá ààlà lọ ṣiṣẹ́ nílé oúnjẹ ní Los Angeles. Ibẹ̀ ló ti fi owó ọdún ẹni mímọ́ ránṣẹ́, tí ẹgbẹ́ onífèrè méjì fi wá mi ilẹ̀ ìlú tìtì. Gbogbo wa ń yangàn. A ò mọ̀ pé ńṣe ló ń sún mọ́ ohun tí wọ́n máa fi mú un. Ó ti fẹ́ Yesenia lọ́hùn-ún, wọ́n ti bí Dalia, ọmọ náà ò sì tíì mọ̀rọ̀ sọ dáadáa. Filemón ò ní ìwé ìgbélùú. Ẹni tí ò ní ìwé, tó bá ti jáde níbẹ̀, aṣálẹ̀ ló máa gbà padà, òòrùn sì ti pa àwọn ará ilé wa níbẹ̀.

Bàbá Odilón, olórí àwọn àgbà, ló pè é lórí fóònù. Mo jókòó ti Bàbá, mò ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì.

"Filemón, ọmọ mi, ìlú ti yàn ọ́. Akọ̀wé owó."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo lè sanwó fún ẹni tó máa bá mi ṣe é."

"Ọdún ẹni mímọ́ lèèyàn lè fi owó ṣe. Èyí, ojú ẹ la fẹ́ rí."

"Tí mi ò bá wá ńkọ́?"

Bàbá ò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ǹ bá mọ èsì tí mo máa fún un. "Omi ìlú ni ìyá ẹ ń mu. Ìyá ẹ sì ti ń dàgbà, ó máa nílò ibi tá a máa sin ín sí. Ìwọ náà ṣáà mọ òfin."

Ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ọmọ Zenón aládùúgbò wa kọ̀ láti wá sìnlú, ẹ̀yìn ọkọ̀ akérù ni wọ́n gbé òkú bàbá rẹ̀ sí, wọ́n ń fi kiri láti ìlú dé ìlú títí wọ́n fi rí ẹni tó fún un nílẹ̀. Ìyá wa gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì gbàgbé rẹ̀. Ni Filemón bá dágbére fún Yesenia pé ọdún kan ò pẹ́, ó sì wálé.

Macario ló jẹ akọ̀wé owó ṣáájú rẹ̀. Olóòótọ́ ni Macario, àmọ́ kọ̀ǹpútà ni ìjọba ń fẹ́ báyìí, Macario ò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án. Á kó rìsíìtì sínú àpò àgbàdo, á gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Oaxaca, wọ́n á sì lé e padà. Owó ìlú á dúró sọ́hùn-ún. Filemón ní tiẹ̀, kọ̀ǹpútà ló fi ń ṣírò ẹran àti ọtí fún ọ̀gá rẹ̀ ní Los Angeles. Ó jókòó ti iṣẹ́ náà. Kò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ tí owó fi wọlé lásìkò, tí omi dé àdúgbò òkè, tí àwọn èèyàn ń kí i láti ọ̀nà jíjìn.

Ara mi ò lélẹ̀. Mo gbé ẹ̀kọ atole àti búrẹ́dì àgbàdo tortilla lọ bá a ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ní, "Filemón, ṣe é bí Macario ṣe ṣe é, jọ̀ọ́. Má jẹ́ kó dùn mọ́ wọn jù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, tí n bá bà á jẹ́, àtìmọ́lé ni wọ́n máa jù mí sí títí ìṣirò á fi tọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá lọ?"

Mo da atole sínú ife fún un, mo sì padà sílé. 

Nígbà tí ọdún parí, ìlú pé sí gbàgede. Àwa obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, à ń pín kọfí. Filemón ka ìṣirò rẹ̀ látòkè délẹ̀, kò sẹ́ni tó rí ibi tó máa fọwọ́ tọ́ ọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, a kì í pàtẹ́wọ́ fún akọ̀wé owó.

Bàbá Odilón dìde. "Àṣà wa ni pé ẹni tó bá sìnlú, kó sinmi. Ṣùgbọ́n ta ló kù tó mọ èyí? Mo ní kó fi ọdún mẹ́ta kún un."

"Ẹ̀yin bàbá mi, mo bẹ̀ yín," ni Filemón wí. "Mo lọ́mọ. Ẹ yan ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́, màá kọ́ ọ kí n tó lọ."

"Ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ fà á!" ni Macario kígbe. "Ta ló ní kó o mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀?" Ẹ̀rín sọ.

Mo gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ! Ṣé ẹ̀yin ò bímọ ni?"

"Crescencia, kọfí ni wọ́n ní kó o pín o," ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin wí.

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ìyẹn ló dùn mí jù, pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n sì nawọ́ sókè, gbogbo wọn.

Lójú ọ̀nà ilé, mo sọ fún Filemón pé, "Máa lọ lónìí. Màá gbé Màmá sọ́dọ̀ mi, omi òjò la ó máa mu."

"Wọ́n á wá sin ín síbo, ẹ̀gbọ́n mi?"

Màmá ti gbọ́ nígbà tá a délé. Ó ti wọ ìborùn rẹ̀ tó dáa, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Ọlọ́run ti fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi," ló ń wí, ó ń fọwọ́ pa Filemón lórí. Inú bí mi sí ìyá tó bí mi lọ́jọ́ náà.

Filemón bọ́ síta, ó pe Yesenia. Ó ṣàlàyé, ó tún ṣàlàyé. Mo dúró tì í, mò ń gbọ́ ohùn obìnrin náà. Kò sunkún, kò sì bú u. Nígbà tí Filemón sọ̀rọ̀ tán, Yesenia bi í níbi tó kó ìwé ọkọ̀ tó fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún sí, kí òun lè ta ọkọ̀ náà.

Ó sọ fún un.