Ohùn Màmá wa nínú géèmù

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Sunday tó kọjá. Mo fẹ́ gbé e mì, àmọ́ kò ṣeé gbé mì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ̀lé wa tipẹ́ mọ̀ pé èmi àti àbúrò mi, Káyọ̀dé, la jọ ń ṣe káàtúùnù tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mò ń kọ ìtàn, èmi náà ni mò ń fohùn sí i. Káyọ̀dé ló ń yàwòrán, òun ló sì ń ṣe géèmù tí ọmọdé á fọwọ́ tẹ̀, tí yóò dá a lóhùn. Orí tábìlì ìjẹun mi ní Gulfton níbí la ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ń gba ohùn sílẹ̀, a ó pa ẹ̀rọ amúlétutù kí ariwo rẹ̀ má baà wọ̀ ọ́, ooru Houston á sì máa sè wá bí ẹ̀wà.

Nígbà tí Màmá wa ṣaláìsí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀rọ̀ físà kò jẹ́ ká lè lọ sin wọ́n. Ohùn tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù nìkan ló kù. Fóònù Káyọ̀dé sì ti bàjẹ́, gbogbo tiẹ̀ ti bá a lọ. Ó bẹ̀ mí pé kí n fún òun nínú tèmi, kí òun máa gbọ́ ọ nígbà tí àárò Màmá bá ń sọ òun. Ta ni ò ní fún un? Mo kàn ní kó má jẹ́ kí ẹlòmíì gbọ́ ọ. Ó bi mí pé ṣé mo rò pé orí òun dàrú ni.

Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ ṣe géèmù tí ìyá àgbà kan á ti máa fi oríkì pe àwọn ọmọ. Ó ní ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ló máa fohùn sí i, nítorí ohùn tèmi kò tíì gbó tó. Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà.

Ó wá di Sunday. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa. Mo ṣí géèmù tuntun náà fún wọn, mo yíjú sí pátákó. Ọmọbìnrin kan fọwọ́ tẹ oríkì àkọ́kọ́ tó rí.

"Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ mi, ṣé o ti jẹun?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, Àṣàkẹ́ ni Màmá ń pè mí. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀, mo ti dáhùn pé "Mà." Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, a kì í dúró dá Màmá lóhùn. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé Aunty ń ṣeré. Ọmọ náà tún tẹ̀ ẹ́. Màmá tún pè mí.

Mo pe Káyọ̀dé látinú mọ́tò. Kò sẹ́. Ó ní òun fi ohùn Màmá kọ́ kọ̀ǹpútà ni, pé kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà náà kò lè fi ohùn wọn sọ báyìí.

"Sister mi, ẹ calm down. Ṣebí Mummy náà á fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ Yorùbá?"

Mo bi í pé kí ló dé tó wá parọ́ ìyá ṣọ́ọ̀ṣì fún mi. Ohun tó fi dá mi lóhùn nìyí:

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà ni."

Ẹ gbọ́ o, ó mọ̀! Ibẹ̀ ló ti dùn mí jù. Ọmọ ìyá mi ló dà mí bẹ́ẹ̀.

Ó ti yọ ohùn náà kúrò nínú géèmù báyìí. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ohùn òkú kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá lò láìbi àwọn tó kù, bó ti wù kí iṣẹ́ náà dára tó.

Lánàá, mo ṣí ọ̀kan nínú ohùn Màmá gan-an, èyí tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún mi. Wọ́n pe Àṣàkẹ́. Mo jókòó sójú kan, orúnkún mi kò mira láti kúnlẹ̀ dá wọn lóhùn. Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi: báwo lẹ ṣe tún gbọ́ ohùn náà bíi ti tẹ́lẹ̀?