Báàgì Tí Ọkọ Mi Gbé Lọ sí Teṣàn

Nígbà tí bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Èkó láyé àwọn sójà, Agége la ń gbé, èmi, ọkọ mi àti àwọn ìbejì wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ mi ti wá kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe, kò sì padà sílé mọ́. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù rẹ̀ wà níwájú ilé tí a ti gba yàrá. Ẹni tó bá yọjú wo inú ibẹ̀, wáyà ni yóò kọ́kọ́ rí, pupa, dúdú, aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ń rọ̀ dirodiro lára ògiri. Lẹ́yìn náà ni yóò rí àwọn aago tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn bátìrì, àti rédíò tí wọ́n ti tú ìfun rẹ̀ síta. Nírọ̀lẹ́, àwọn ará àdúgbò a máa kóra jọ sórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà láti gbọ́ ìròyìn òkè òkun, torí pé rédíò tilé kì í sọ ju ibi tí ọ̀gágun lọ àti ohun tó lọ ṣí níbẹ̀.

Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà. SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ológun gbé dé, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa níbẹ̀. Àwa tí a kù kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn wa.

Orí bẹ́ǹṣì yẹn ni ìkéde náà ti bá wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ohùn ọkùnrin tó ń kà á le bíi ti ẹni tó ń bá ọmọdé wí. Ó ní àwọn ọ̀tá ìlú wà láàárín wa. Ó ní kí a máa ṣọ́ àpò tí a kò bá rí ẹni tó ni ín, kí a máa ṣọ́ àjèjì, kí a máa ṣọ́ ibi tí èèyàn bá ti ń péjọ láìnídìí, kí a sì máa ṣọ́ ẹni tó bá ń kó wáyà, bátìrì àti aago jọ. Ó ní ẹni tó bá rí irú rẹ̀ tí kò fi tó ìjọba létí, òun náà ti di ọ̀tá nìyẹn.

Púlọ́ńbà kan tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin mà ni wọ́n ń sọ yìí o!"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tó yíjú wo inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ni ibẹ̀.

Kò pẹ́ rárá tí ìlú fi yí padà. Níbi iṣẹ́ wa, àwọn sójà wá dúró sẹ́nu géètì. Láràárọ̀, a ó tò, a ó ṣí báàgì, wọ́n á fọwọ́ yẹ ara wa wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá mi dúró, ẹ̀wà ni mo gbé dání nínú kúlà, mo sì ti fi gèlè dì í kó má baà dà. Sójà tó dá mi dúró kò tó àbúrò mi lọ́jọ́ orí. Ó na ẹnu ìbọn sí kúlà náà, ó ní kí n ṣí i.

Mo ń fa ìdì gèlè náà, kò tú. Bí ó ṣe ń pẹ́ ni ojú sójà ń pọ́n. Mo wẹ̀yìn, mo rí i pé àwọn tó tò lẹ́yìn mi ti ń rọra fà sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ mi. Àwọn tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà ni o. Nígbà tí mo wá tú u tán, ó fi orí ọ̀pá kan tó mú dání ro ẹ̀wà náà títí dé ìsàlẹ̀, ó ní kí n máa lọ. Ebi ni mo fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ kì í ṣe ẹ̀wà ló dùn mí, bí wọ́n ṣe fà sẹ́yìn yẹn ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ní a kò gbọdọ̀ ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí àwọn obìnrin tó máa ń gbàdúrà pọ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán ṣíwọ́. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ọ̀gá wa ní nítorí ààbò wa ni, a sì gbà á gbọ́, torí pé ẹ̀rù bọ́ǹbù ń bà wá lóòótọ́. Táyà lásán ló bẹ́ lójú títì lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa fi dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

Nílé, lánlọ́ọ̀dù wa wá bá ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Àgbàlagbà ará Ọ̀yọ́ kan ni wọ́n, wọ́n ti lọ sí Mẹ́kà, wọn kì í sì í bá ayálégbé jà.

"Bàbá Ìbejì, má bínú o. Bẹ́ǹṣì yìí, gbé e wọlé."

"Alàájì, ṣé àwọn èèyàn yìí ṣẹ̀ yín ni?"

"Wọn ò ṣẹ̀ mí. Ìjọba ló ní kí èèyàn má péjọ. Bí wọ́n bá dé, ta ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi? Èmi tí mo nilé ni."

Ọkọ mi gbé bẹ́ǹṣì wọlé. Láti ọjọ́ náà, inú yàrá ló ti ń gbọ́ ìròyìn òkè òkun. Á lẹ etí mọ́ rédíò, èmi á dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá máa ṣọ́ ẹni tó ń bọ̀.

Bí nǹkan ṣe rí nìyí tí bàbá arúgbó kan fi gbé báàgì kan wá. Wọ́n ní kí ọkọ mi bá àwọn wo aago ògiri àti rédíò kékeré tó wà nínú rẹ̀, pé àwọn ń padà bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọkọ mi kò béèrè ibi tí wọ́n ń gbé. Ìrọ̀lẹ́ dé, bàbá kò dé. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a kò rí wọn. Ọ̀sẹ̀ náà parí, a kò gbúròó wọn. Àárín ìgbà yẹn gan-an ni bọ́ǹbù mìíràn tún dún láàárín ìlú, tí àwọn sójà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilé kiri ní àdúgbò tó kángun sí tiwa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó jáde lọ síbi iṣẹ́, ọkọ mi pè mí sínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣí báàgì náà fún mi wò. Bàbá arúgbó yẹn ti gbìyànjú láti fọwọ́ ara wọn tún aago ṣe. Wọ́n ti so wáyà láti ara bátìrì ńlá kan mọ́ ẹ̀yìn aago, wọ́n wá fi rọ́bà dì í gírígírí. Ọkọ mi mọ̀ pé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Èmi náà mọ̀. Síbẹ̀, mo yára ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ jẹ́ ká lọ jù ú sí ààtàn," ni mo wí.

"Bí ẹnìkan bá rí mi níbi tí mo ti ń jù ú ńkọ́?"

"Ẹ tú u palẹ̀, kó má jọ nǹkan kan mọ́."

"Bí bàbá bá dé ńkọ́? Ẹrù oníbàárà ni." Ó pa báàgì náà dé. "Màá gbé e lọ fún wọn ní teṣàn. Wọ́n ní kí a fi tó wọn létí, àbí? Màá fi tó wọn létí. Mi ò kúkú ṣe nǹkan kan."

Ó lọ wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun tó máa ń wọ lọ kírun Jímọ́ọ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé báàgì náà síwájú bí ẹni gbé ẹyin. Mo dúró lójú ọ̀nà títí ó fi yà lọ.

Mi ò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán pọ́n, kò dé. Obìnrin aládùúrà kan wà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ìyá Aládùúrà la máa ń pè é. Nígbà tó rí i tí mò ń jáde tí mò ń wọlé, ó wọ súùtánà rẹ̀, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ìwọ nìkan ò ní lọ."

A dé teṣàn. Ọlọ́pàá tó wà ní kàńtà wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọkọ yín ló gbé bọ́ǹbù wá?"

"Aago ni, ọ̀gá."

"Ta ló sọ fún yín pé aago ni? Ṣé ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń so ó ni?"

Ìgbà náà ló yé mi pé kò sí ìdáhùn tí mo lè fún un tí kò ní kó bá wa. Ìyá Aládùúrà béèrè bóyá a lè mú lọ́yà wá. Ọlọ́pàá náà kò tilẹ̀ bínú. Ó ní òfin ológun ti wà báyìí, ẹni tí wọ́n bá mú nítorí ọ̀rọ̀ báyìí, lọ́yà kò lè béèrè rẹ̀, adájọ́ pàápàá kò lè béèrè rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́ láti ẹ̀yìn ilé. Ikọ́ ọkọ mi ni.

Nígbà tí a fi máa padà délé, àwọn sójà ti kó ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kó wáyà, wọ́n kó aago, wọ́n kó rédíò àwọn oníbàárà. Gbogbo ilẹ̀kùn ilé wa ló wà ní títì lọ́sàn-án gangan. Púlọ́ńbà tó máa ń dá wa lẹ́rìn-ín pàdé mi lójú ọ̀nà, ó wolẹ̀ kọjá lára mi. Níbi iṣẹ́, mo ní ara ọkọ mi ni kò yá. Bí ẹnìkan bá pe orúkọ mi lójijì, ìtọ̀ a fẹ́ẹ̀ bọ́ lára mi.

Lọ́sàn-án Àìkú kan, mò ń ṣa ewébẹ̀ níwájú ilé ni mo rí bàbá arúgbó tó ń ti ọ̀pá bọ̀. Àwọn ló ni báàgì. Wọ́n ní ibà ló dá àwọn dúbúlẹ̀ nílé ní Onígbòǹgbò, pé àwọn bẹ̀bẹ̀ fún pípẹ́ tí àwọn pẹ́. Wọ́n ní ṣé aago ti ń ṣiṣẹ́.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi lọ sọ tẹnu wọn ní teṣàn. Bàbá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ọmọ mi, mo ti dàgbà. Bí àwọn yẹn bá tì mí mọ́lé, mi ò ní jáde láàyè."

"Mo mọ̀, bàbá. Mi ò lè fi agbára mú yín."

Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ìdí aṣọ wọn, wọ́n bá ọ̀nà wọn lọ. Mo sunkún títí ojú mi fi wú, torí mo gbà pé mi ò ní rí wọn mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n ti lọ aṣọ wọn dáadáa, wọ́n sì di oògùn ibà wọn sínú ọ̀rá dání.

"Ẹ jẹ́ ká tètè lọ kí ọkàn mi tó yí padà."

Ní kàńtà, wọ́n na ara wọn ró. "Èmi ni mo ni báàgì yẹn. Èmi ni mo so wáyà náà, torí pé aago mi ń dá dúró. Ọkùnrin yẹn ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀." Àwọn ọlọ́pàá mú wọn wọlé lójú wa. Èmi àti Ìyá Aládùúrà jókòó sábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, a kò jẹ, a kò mu, títí oòrùn fi ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú bàbá sílẹ̀, fìlà kò sí lórí wọn mọ́, wọn ò sì rántí béèrè rẹ̀. Bàbá ní ọkọ mi kò sí níbẹ̀ mọ́, pé wọ́n ti gbé e lọ síbì kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ dárúkọ. Mo ní màá wá kí wọn nílé. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Má wá o, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má wá."

Òjò ọdún ti bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ mi tó dé. Aṣọ ni mò ń sá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbójú sókè, mo rí ọkùnrin kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn. Ó ti gbẹ. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò jọra, kò sì sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un, kò sẹ́ni tó sọ ìdí tí wọ́n fi fi í sílẹ̀. Bóyá ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ló ṣiṣẹ́, bóyá òun kọ́, a kò mọ̀ títí dòní. Mo bi í léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ." Kò sì sọ ọ́ rí.

Lánlọ́ọ̀dù wá kí wa kú ewu. Wọ́n kí wa tán, wọn ò lọ. Wọ́n ní kí a bá àwọn wá ibòmíì lọ. "Ẹ̀rù ló ń bà mí, kì í ṣe ìkà." Mi ò bínú sí wọn. Ohun tí wọ́n sọ yé mi kedere, yíyé tó yé mi yẹn sì tún dẹ́rù bà mí. Ìyá Aládùúrà nìkan ló bá wa ru ẹrù dé ibi tí a ti wọ mọ́tò lọ sí Ìpájà.

Ọkọ mi kò fọwọ́ kan rédíò fún ìgbà pípẹ́. Ó ń bá wọn ru bíríkì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ìgbà tí àwọn sójà ti gbé ìjọba sílẹ̀ ni lèmọ́mù àdúgbò wa tuntun gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sáláṣí wá, ó ní kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ mi wo ẹ̀rọ náà títí. Kò gbé e wọ yàrá. Ó tẹ́ ẹní sí àárín agboolé, nínú oòrùn, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

"Ìyá Ìbejì, wá jókòó síbí. Máa wò mí."

"Kí ni kí n máa wò?"

"Ohunkóhun tí mo bá ń ṣe. Bí wọ́n bá bi ẹ́ léèrè, kí o lè sọ pé o rí i."

Mo jókòó tì í. Gbogbo wáyà tó bá mú, á kọ́kọ́ gbé e sókè fún mi kó tó so ó. Èmi náà á mi orí pé mo ti rí i, òun á tún mú òmíràn.