Ìṣirò Iná Ilé Halstein

Bí inú bá ń bí Gudveig Tveiterås, kì í bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ní Nọ́wè tiwa, ìwà ọ̀yájú gbáà nìyẹn. Tòun ti yìnyín lẹ́sẹ̀ ló já wọ ilé Halstein, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ tí Gudveig fi ń jẹun ni pé kó yẹ ilé wò, kó wọn ògiri àti òrùlé, kó sì sọ iye iná mànàmáná tí ẹ̀rọ amúlégbóná, èyí tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta, máa jẹ nígbà òtútù. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àwọn ará àfonífojì wa fi ń ra ẹ̀rọ. Halstein náà gbọ́, ó rà, iná tó jẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tí Gudveig sọ. Ló bá dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń pariwo pé irọ́ ni ìyàwó àbúrò òun ń tà. Bí àwọn èèyàn bá gbà á gbọ́, iṣẹ́ Gudveig ti parí nìyẹn.

“Ẹ jẹ́ kí n rí ibi tí ẹ ti ń fi iná ṣòfò!”

“Ìyàwó, ilé nìyí. Wá a títí dọ̀la. Ojú á tì ẹ́.”

“Ojú yín ló máa tì!”

Ó yẹ àjà ilẹ̀ wò, ó yẹ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí, kò rí nǹkan kan. Ó gun òkè lọ sí yàrá ìbùsùn. Fèrèsé ṣí sílẹ̀ gbayawu, ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí, gbogbo ooru tí ẹ̀rọ ń fẹ́ nísàlẹ̀ sì ń gba ibẹ̀ jáde.

“Ẹ wò ó! Igbó lẹ̀ ń mú gbóná! Alágídí arúgbó!”

“Ta ni kì í ṣí fèrèsé sùn níbí?” Halstein ò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. “Ọkọ ẹ ṣí i títí tó fi kú. Ìwọ ńkọ́? O ti tìẹ lánàá?”

Láti kékeré ni Gudveig ti ń sùn bẹ́ẹ̀, imú tútù, ara gbígbóná lábẹ́ kúbùsù. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ihò ńlá lára ilé ni fèrèsé tó ṣí yẹn.

“Nínú ìṣirò ẹ, ṣíṣí ni àbí títì?”

“Títì.”

“Ní ilé tèmi nìkan?”

“Ní gbogbo ilé.”

“Lọ sọ fún gbogbo àwọn tó ra ẹ̀rọ fúnra ẹ. Bóo bá fo ẹnì kan, màá gbọ́.”

Ó jáde, ó ń ṣépè fún Halstein, ó sì ń ṣépè fún ara rẹ̀. Ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ yà, torí ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ṣe ìṣirò náà.