Fláwà Dubai Ìyá Uswat

Ọjọ́ tí wọ́n wá tọrọ Uswat lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, olóògbé Sàídátù, làwọn ará àdúgbò wa ní Ògbà l'Ékòó ṣì ń sọ títí dòní. Alhaji Làsísì ló ṣáájú, Mukhtar ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ gbéyàwó tẹ̀lé e. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ wọlé torí ewé ti dí ẹnu ọ̀nà. Alhaji ti fẹ́ jókòó kó tó gbójú sókè rí pèrègún ní igun pálọ̀, ó ga kan àjà. Kò jókòó mọ́.

"Ìyá Uswat, ojúbọ ta nìyí?"

"Ojúbọ kẹ̀? Fláwà ni."

"Mo mọ pèrègún. Ìdí òrìṣà ni wọ́n ń gbìn ín sí nílé wa l'Ógbòmọ̀ṣọ́."

"Ó wà lẹ́nu ọ̀nà báǹkì ní Maryland náà. Ṣé òrìṣà ni wọ́n ń bọ ní báǹkì ni?"

"N ò mọ tiwọn. Tí igi yẹn bá wà níbí, ọmọ mi ò fẹ́yàwó níbí." Ó kọ omi, ó kọ mínírà, ó jáde. Bó ṣe ń lọ, ẹ̀ka kan ṣí fìlà lórí ẹ̀.

Ilé iṣẹ́ ọ̀dà ní Ikeja ni Ìyá Uswat ti fẹ̀yìn tì, ike ọ̀dà òfìfo ló sì fi ń gbin gbogbo nǹkan. Yàrá kan àti pálọ̀ ni, ewé wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ó wà lórí fíríìjì, ó fà wọ balùwẹ̀. Àwa tí a jọ ń gbélé bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gé wọn kù, ó rẹ̀ wá. Níjọ́ tó wá gbà, ta ló rán wa níṣẹ́? Ìyá Uswat kì í da ẹ̀ka nù. Èyí tó bá gé, á ki ìdí ẹ̀ bọ omi nínú ìgò, nínú kọ́ọ̀bù, nínú agolo mílíìkì. Tó bá ti yọ gbòǹgbò, ó ti dọmọ, ó di dandan kó ní ike tiẹ̀. Bó ṣe ń gé wọn kù ni wọ́n ń pọ̀ sí i.

"Màmi, ẹ kúkú da àwọn yìí nù," Uswat á wí.

"Ṣé mo dà ẹ́ nù nígbà tí ò ń yọ mí lẹ́nu?"

Uswat náà ló ń bomi rin gbogbo wọn láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá Uswat fún Catherine, tíṣà ọmọ Èkìtì tó ń gbé òkè, ní ọmọ kan. Ọmọ náà kú. Catherine sáré ra irú ẹ̀ gbé sójú fèrèsé. Ìyá Uswat gòkè wá, ó wò ó títí. Ó ní, "Tíṣà, èyí kọ́. Níbo lẹ sin tèmi sí?"

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí Alhaji bínú lọ, ẹ̀fẹ̀ tán nílé. Uswat ò bá ìyá ẹ̀ jà. Ó kàn ń bomi rin igi, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. Pèrègún yẹn ni ìyá ẹ̀ gbìn lọ́dún tí ọkọ ẹ̀ kú, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án rí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Uswat yá ayùn káfíńtà, ó gé e délẹ̀.

Ó ní, "Igi ò lè bí ọmọ-ọmọ fún mi."

Àmọ́ kò lè da orí ẹ̀ nù. Ó tì í bọnú ìgò dáradára kan, ó da òkúta funfun sí i, ó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n lọ bẹ Alhaji, Ìyá Uswat gbé e fún ìyàwó Alhaji, ó ní, "Fláwà Dubai ni." Alhaji fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé e sí pálọ̀. Wọ́n ṣe nikáì, wọ́n so Uswat àti Mukhtar pọ̀. Tí Alhaji bá ti ń fi fláwà Dubai yangàn, ikọ́ á gbé gbogbo wa.

Ọdún yìí ni Ìyá Uswat kú. Nígbà tí a ṣe fìdáù tán, Uswat sún mọ́ bàbá ọkọ ẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, irọ́ náà sì ti sú u.

"Bàbá, ẹ forí jin Màmi. Fláwà Dubai yẹn, pèrègún ni."

"Mo mọ̀," ni Alhaji wí. "Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan nílé mi tí mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Mukhtar ti sọ fún mi pé ìyá ẹ fọwọ́ ara ẹ̀ gé igi tó gbìn nígbà tí bàbá ẹ kú. Ojú tì mí. Ṣé kí n tún ní kó wá gbé èyí tó kù ni? Tó bá ti pè é ní Dubai, Dubai náà ni."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún ò jìnnà. Ìyá náà dùn wá, ká má parọ́.

Lọ́jọ́ kejì Alhaji padà wá, ó mú igi pèrègún kan dání nínú ìgò omi, kò léwé kankan lórí. Ó ní òun ló gé e lára fláwà Dubai fúnra òun, kí Uswat gbìn ín sí igun pálọ̀ ìyá ẹ̀. Uswat gbà á, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì wo igi náà dáadáa. Orí ló wà nínú omi, ìdí ló kọjú sókè. Ó dúró títí Alhaji fi dé ẹnu ọ̀nà, kó tó yí i padà.